Ẹni Tó Lé Eku Méjì: Ìtàn Ètò Oṣù Mẹ́ta

Nígbàkígbà tí àwa tí a jọ ń ṣe áàpù ìwé àlòkù bá jókòó láti ṣètò iṣẹ́ oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀, nǹkan bíi méjìlá la máa ń kọ sílẹ̀. Agbára káká la fi ń parí méjì. A wá lọ wo ìtàn àwọn tó ṣe é ṣáájú wa.

Ní 1954, Peter Drucker kọ ọ́ nínú ìwé rẹ̀ pé kí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ jọ mọ àfojúsùn tí wọ́n ń lé. Andy Grove, ọmọ Hungary tó di ọ̀gá ní Intel ní Amẹ́ríkà, tún un ṣe: kí àfojúsùn má pọ̀, kí iye tí a lè kà wà lára rẹ̀, kí a sì máa yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta.

Lópin 1979, Motorola ń gba oníbàárà mọ́ Intel lọ́wọ́. Kò sí àyè láti ṣe chip tuntun kíákíá. Intel bá gbájú mọ́ ohun kan: kí chip 8086 àti àwọn ẹbí rẹ̀ wọ inú ẹ̀rọ tuntun 2,000 kí 1980 tó parí. Wọ́n kọjá iye náà. Chip 8088, àbúrò 8086, ló sì wà nínú kọ̀ǹpútà tí IBM gbé jáde ní 1981. John Doerr, tó ti ṣiṣẹ́ ní Intel, ló gbé ọ̀nà yìí dé Google ní 1999.

Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ẹni tó lé eku méjì á pòfo. Àwa ń lé méjìlá! Lọ́tẹ̀ yìí, ohun kan péré la kọ: kí ìwé 100 rí olùrà kí sáà yìí tó parí. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, ẹ bi wá léèrè nígbà náà.