Delay pool

Nínú Squid, ètò alárinà tó ń bá kọ̀ǹpútà mú dátà wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, tó sì ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, "delay pool" ni ìlànà tí wọ́n fi ń dín eré dátà kù.

Korobá ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí alábòójútó bá kọ 64000/256000, báìtì 64000 ni yóò máa wọ korobá náà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. 256000 ló lè gbà. Ẹni tó bá a ní kíkún, ojú ewé rẹ̀ á ṣí wàrà. Ẹni tó ń gba fíìmù ńlá á fà á gbẹ, eré rẹ̀ á sì wá sí 64000.

Ẹ̀dà tó ti wà nípamọ́ kì í jẹ nínú korobá yìí rárá, ohun tó sì dára jù nìyẹn.

Delay pool ní oríṣi mélòó kan. Oríṣi kejì ló yẹ ilé-ẹ̀kọ́: kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló ní korobá tirẹ̀.