Páríṣì: Ibùdó Àwọn Àtìpó

 Ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tí a máa ń pè ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, tí a kì í sábà bèèrè ibi tí ó ti wá. Ọ̀rọ̀ náà ni páríṣì.

Inú èdè Gíríìkì ni ó ti wá: paroikia. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ènìyàn máa gbé láàárín àwọn onílẹ̀ láìjẹ́ onílẹ̀, èyí tí àwa ń pè ní àtìpó. Ọ̀rọ̀ yìí ni Pétérù Mímọ́ lò nínú ìwé rẹ̀ kìíní, orí 1, ẹsẹ 17, nígbà tí ó ń gba àwọn onígbàgbọ́ níyànjú. Ní nǹkan bí ọdún 96, nígbà tí Ìjọ Róòmù kọ lẹ́tà sí Ìjọ Kọ́ríńtì, Ìjọ tí ń ṣe àtìpó ni ó pe ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì pe Kọ́ríńtì. Kí páríṣì tó di ilẹ̀ tí a pa ààlà sí, àwọn ènìyàn tí wọn kò ní ilẹ̀ ni ó jẹ́.

Nígbà tí ó yá, ọ̀rọ̀ náà yí padà. Ẹ jẹ́ kí a wo abúlé kékeré ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́. Ilé ìsìn olókùúta wà láàárín abúlé, ibojì àwọn baba ńlá yí i ká, àwọn àgbẹ̀ sì ń san ìdámẹ́wàá irè oko wọn. Ní ọdún 1538, Thomas Cromwell, òjíṣẹ́ Ọba Henry Kẹjọ, pàṣẹ pé kí páríṣì kọ̀ọ̀kan máa kọ orúkọ àwọn tí a rì bọmi, àwọn tí ó gbéyàwó àti àwọn tí a sin sínú ìwé. Òfin ọdún 1601 gbé ìtọ́jú àwọn aláìní lé páríṣì lọ́wọ́. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n owó tí abúlé ń dá kò pọ̀, ọkàn wọn kò sì balẹ̀ sí àlejò. Nítorí náà, òfin ọdún 1662 fi àyè sílẹ̀ pé, láàárín 40 ọjọ́ tí tálákà kan bá dé, wọ́n lè fẹjọ́ rẹ̀ sùn, kí adájọ́ méjì sì dá a padà sí páríṣì tí ó ti wá. Ó di ọdún 1795 kí òfin tó ní kí a má ṣe lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ àfi bí ó bá ti gba ìrànlọ́wọ́. Báyìí ni orúkọ tí ó túmọ̀ sí àtìpó ṣe di odi tí a fi ń lé àtìpó.

Ìtàn tiwa gba ọ̀nà mìíràn. Fagge ti jẹ́ ibùdó àwọn oníṣòwò lẹ́yìn odi Kano kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gba ìlú náà ní 1903. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé ní 1911, àwọn akọ̀wé, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àti àwọn oníṣòwò láti gúúsù bá a dé. A pín ilẹ̀ fún wọn lẹ́yìn odi, a sì pe ibẹ̀ ní Sábọ́n Gárì, èyíinì ni ìlú titun. Àárín irú àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni Ìjọ wa ti dàgbà. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹta, 1991, Póòpù yọ Kano kúrò lára Kaduna. Ní ọjọ́ 22, oṣù Kẹfà, 1999, Kano di díósíìsì, ilé ìsìn Ìyá Wa ti Fátímà sì ni kàtídírà rẹ̀.

A mọ ohun tí ó ń ná ènìyàn láti jẹ́ àlejò. Ìjà tí ó bẹ́ sílẹ̀ níhìn-ín ní ọjọ́ 16, oṣù Karùn-ún, 1953, pa ènìyàn 36 gẹ́gẹ́ bí ìjọba ti kà á. Ní oṣù Keje, 2013, bọ́ǹbù bú ní Sábọ́n Gárì. Síbẹ̀, a kò tú ká.

Òfin Ìjọ tí ó jáde ní 1983 kò béèrè ìlú baba ẹnikẹ́ni. Òfin 102 àti 107 sọ pé ẹni tí ó bá ti gbé ní páríṣì fún oṣù mẹ́ta, tàbí tí ó dé pẹ̀lú èrò láti gbé ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ti ní ibùgbé níbẹ̀, àlùfáà ibẹ̀ sì ti di olùṣọ́ àgùntàn rẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà ń ka ọjọ́ láti lé àlejò. Ìjọ ń ka ọjọ́ láti gbà á mọ́ra.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, àwọn àgbà ní ilé ni àbọ̀ sinmi oko, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń sọ pé ó di ìgbà tí òun bá délé, ní Ọ̀ffà tàbí ní Abẹ́òkúta, kí òun tó gbé ọmọ wá fún ìrìbọmi, ẹ sọ fún un pé páríṣì rẹ̀ nìyí. Ẹ jẹ́ kí orúkọ ọmọ náà wọ inú ìwé wa. Bí ọmọ Hausa tí ó jẹ́ Kátólíìkì bá sì jókòó lẹ́yìn láàárín wa láìrí ẹni tí yóò kí i, ẹ rántí pé òun ni ọmọ onílẹ̀, àwa ni a sọ ọ́ di àlejò nínú ilé Ọlọ́run. Ẹ dìde, ẹ kí i, ẹ fún un ní àyè ní iwájú. Kí Olúwa bùkún ibùgbé yín. Àmín.