Fífún Iná Lọ́rùn Kọ́ Ni Kíkápá Rẹ̀: Ìtàn Sítóófù Onígi

Ẹni tó bá ti fi igi dáná rí mọ̀ pé níbi tí èéfín bá ti ń rú tùù, iná kò tíì ràn dáadáa. Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú sítóófù onírin tí wọ́n fi ń mú ilé móoru nílẹ̀ olótùútù. Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, ó ń gba ihò èéfín gòkè, bó sì ṣe ń lọ ló ń fa afẹ́fẹ́ tútù wọlé sídìí iná. Ooru ló ń fa afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá pa ooru ti pa iná. Ó pẹ́ gan-an kí àwọn tó ń ṣe sítóófù tó gba èyí.

Ní 1744, Benjamin Franklin kọ̀wé nípa sítóófù rẹ̀ ní Pennsylvania. Ó mú kí èéfín kọ́kọ́ gba ìsàlẹ̀ lọ kó tó gòkè, kí yàrá lè gba ooru inú rẹ̀ tán. Ọgbọ́n dára, ṣùgbọ́n èéfín tó ti tutù kò lágbára àtigòkè mọ́, inú yàrá ló ń padà sí. Ẹlòmíràn, David Rittenhouse, ló wá tún ọ̀nà èéfín náà ṣe.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì fò sókè ní 1973, ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà padà sórí igi, àṣìṣe náà sì tún yọjú. Wọn á kó igi kún sítóófù lálẹ́, wọn á ti ojú afẹ́fẹ́ pa, iná á máa jó lábẹ́lẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bẹ́ẹ̀, ó ju ìdajì ooru igi lọ tó wà nínú gáàsì tó ń jáde lára rẹ̀, gáàsì yìí kì í sì jó tán àfi kí iná gbóná tó nǹkan bí 600°C. Nínú iná tí a fún lọ́rùn, ó di èéfín, ó lẹ̀ mọ́ inú ihò bí ọ̀dà dúdú, ọ̀dà yìí sì ti mú iná sọ lórí òrùlé ọ̀pọ̀ ilé. Òfin tí EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àyíká, ṣe ní 1988 ló ká àwọn tó ń ṣe sítóófù lọ́wọ́ kò: nígbà tó di 1990, èéfín tí sítóófù lásán, tí kò ní òkúta oníhò tí a ó sọ nípa rẹ̀ níwájú, lè tú síta kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 7.5 lọ ní wákàtí kan. Láti 2020, ó ti di 2 sí 2.5, gẹ́gẹ́ bí irú igi tí wọ́n fi dán an wò. Bíríkì tó ń fara da iná ni wọ́n fi tẹ́ inú sítóófù tó bá òfin yìí mu, wọ́n sì la ihò wẹ́wẹ́ sókè tí afẹ́fẹ́ tó ti gbóná ń gbà wọlé. Bí a bá wo dígí rẹ̀, a ó rí ọwọ́ iná tó rọ̀ sórí àjà sítóófù láìfara kan igi, bíi ti kúkà gáàsì.

Wọ́n lè ní iná tó bá ń jó bùlàbùlà yóò tètè jẹ igi tán. Ilẹ̀ Sweden ti fèsì láti 1767, nígbà tí igi wọ́n wọn lójú. Carl Johan Cronstedt àti Fabian Wrede ṣe sítóófù bíríkì tí iná rẹ̀ ń jó gidi fúngbà díẹ̀, tí èéfín gbígbóná ń yí po nínú bíríkì, tí bíríkì sì ń tú ooru sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ̀yinná bá kú ni wọ́n ń ti ihò pa.

Òótọ́ ni pé àwọn sítóófù kan ní òkúta oníhò wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi irin iyebíye bíi platinum bò, tó ń jẹ́ kí èéfín jó ní nǹkan bí 260°C, kí iná lè rọra jó. Òkúta ọ̀hún pàápàá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbóná kó tó ṣiṣẹ́.

Igi tútù ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, nítorí omi inú rẹ̀ ni iná yóò kọ́kọ́ máa sè. Ní England, láti oṣù Karùn-ún 2021, òfin kò gbà kí wọ́n ta igi ìdáná díẹ̀díẹ̀ fún ará ilé láti sun lójú ẹsẹ̀ bí omi inú rẹ̀ bá ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ.