Ìbẹ̀rẹ̀ Ẹ̀kọ́ Fíìmù Ṣíṣe: Jos Gẹ́gẹ́ Bí Ibùdó Ẹ̀kọ́ àti Ìpamọ́

Ìfáárà

Fíìmù jẹ́ iṣẹ́ ọnà àjùmọ̀ṣe. Òǹkọ̀wé, olùgbéréjáde, olùdarí, ayàwòrán, agbohùnsílẹ̀, òṣèré àti olóòtú àwòrán ni wọ́n jọ ń gbé e kalẹ̀. Ní Nàìjíríà, ìlú Jos tó jẹ́ olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Plateau ni ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ wà, ibẹ̀ náà sì ni ilé ìpamọ́ fíìmù ti orílẹ̀-èdè wà. Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ọ̀nà tí àwọn Yorùbá gbà kọ́ iṣẹ́ fíìmù wò, ó ṣàlàyé ìpìlẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀, ó sì fi hàn pé ohùn àti ìpamọ́, tí ọ̀pọ̀ máa ń fi sẹ́yìn, wà lára ìpìlẹ̀ náà.

Ìkọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá

Kí ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù tó wà nílẹ̀ yìí, ẹgbẹ́ òṣèré ni ilé-ẹ̀kọ́. Nínú ẹgbẹ́ bíi ti Hubert Ògúńdé, Dúró Ládiípọ̀ àti Moses Ọláìyá (Bàbá Sàlá), ọmọ iṣẹ́ a máa bá ọ̀gá rẹ̀ rìn láti ìlú dé ìlú. Yóò gbé ẹrù eré, yóò lu ìlù, yóò jó, yóò ṣe ẹ̀ṣọ́, kí wọ́n tó fún un ní ipa gidi kó. Wíwò àti ṣíṣe ni ó fi ń kọ́ iṣẹ́.

Nígbà tí eré orí ìtàgé bẹ̀rẹ̀ sí í di fíìmù, ìmọ̀ ẹgbẹ́ nìkan kò tó mọ́. Ọlá Balógun, tó kọ́ṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ fíìmù IDHEC ní Paris, ló darí Àjàní Ògún ní ọdún 1976, nínú èyí tí Adéyẹmí Afọláyan (Adé Love) ti kópa. Òun náà ni ó darí Ọ̀run Móoru ti Bàbá Sàlá ní ọdún 1982. Nínú irú fíìmù bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèré mú ìtàn, orin, òwe àti àwọn òǹwòran wá. Ẹni tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ mú ìmọ̀ kámẹ́rà àti àtòpọ̀ wá. Túndé Kèlání náà kọ́ ẹ̀kọ́ fíìmù ní London, ó sì ṣiṣẹ́ ayàwòrán fún fíìmù àwọn ẹlòmíràn kí ó tó gbé Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ (1993) àti Saworoidẹ (1999) jáde. Ọ̀nà méjèèjì ni ó so èso. Kò sí èyí tó gba ipò èkejì.

Ilé-ẹ̀kọ́ ìlú Jos

Òfin ìjọba ológun kọkànlélọ́gọ́ta, ìyẹn Decree 61 ti ọdún 1979, ni ó dá Nigerian Film Corporation sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ yìí ni ó dá National Film Institute sílẹ̀ ní Jos ní ọdún 1995. Fásitì ìlú Jos ni ilé-ẹ̀kọ́ náà bá dòwò pọ̀ fún ẹ̀kọ́ dígírì. Àǹfààní rẹ̀ pọ̀: kò di dandan kí ọmọ Nàìjíríà tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ yìí lọ sí Paris tàbí London bíi ti àwọn aṣáájú. Ní Jos, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sọ Hausa, Yorùbá, Igbo, Berom tàbí èdè mìíràn lè jọ jókòó sí yàrá kan náà, kí wọ́n sì jọ ṣe fíìmù kan ṣoṣo.

Ìpele iṣẹ́ àti ìwé eré

Ìpele mẹ́ta ni iṣẹ́ fíìmù ní: ìmúrasílẹ̀, yíyàwòrán àti àtòpọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ a máa kánjú dé ìpele kejì, ṣùgbọ́n ìpele kìíní ni àtúnṣe ti rọrùn jù. Àṣìṣe tí a bá rí lórí ìwé, bíírò ni a fi ń tún un ṣe; èyí tí a bá rí lẹ́yìn tí àwọn òṣèré ti túká, owó ni a fi ń tún un ṣe.

Ohun tí a lè rí àti ohun tí a lè gbọ́ nìkan ni a ń kọ sínú ìwé eré. Gbólóhùn bíi “Inú ń bí Àlàbí” dára nínú ìtàn àròsọ, ṣùgbọ́n kámẹ́rà kò lè ya inú. “Àlàbí gbé ife kalẹ̀ gbàgà, omi dà sórí tábìlì” ni ìwé eré ń fẹ́. A tún gbọ́dọ̀ sọ bóyá inú ilé ni ìran ti wáyé tàbí ìta, ọ̀sán tàbí òru. Ojú ìwé kan máa ń tó bí ìṣẹ́jú kan lójú àwòrán.

Kámẹ́rà àti ìmọ́lẹ̀

Ohun mẹ́ta ni ó ń pinnu bí àwòrán yóò ṣe mọ́lẹ̀ tó: bí ihò inú lẹ́ńsì ṣe fẹ̀ tó, bí àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ sínú àwòrán kọ̀ọ̀kan ṣe gùn tó, àti bí kámẹ́rà ṣe ń tètè mọ ìmọ́lẹ̀ lára tó, èyí tí a ń pè ní ISO. Ihò tó fẹ̀ a máa jẹ́ kí ẹ̀yìn òṣèré ṣú bàìbàì. ISO tó pọ̀ jù a máa da hóró-hóró sójú àwòrán.

Sinimá máa ń lo àwòrán 24 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Tẹlifíṣọ̀n wa ń lo 25. Àṣà iṣẹ́ ni pé kí àkókò ìgbàmọ́lẹ̀ jẹ́ ìdajì àkókò àwòrán kan. Fún àwòrán 25, ìyẹn jẹ́ 1/50 ìṣẹ́jú-àáyá. Ó bọ́ sí i fún wa, nítorí pé 50 Hz ni iná mànàmáná Nàìjíríà. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lo 1/60 lábẹ́ iná gílóòbù kan, àwòrán lè máa ṣẹ́jú.

Àwòrán àtòkèèrè ń fi ibi tí a wà hàn, ti àárín ń fi ìṣe hàn, àwòrán àsúnmọ́ sì ń fi èrò ojú hàn. Bí Àlàbí àti Àdùkẹ́ bá ń sọ̀rọ̀, kí a fa ìlà kan lọ́kàn láàrin àwọn méjèèjì, kí kámẹ́rà má sì kọjá ìlà náà. Bí ó bá kọjá, yóò dà bíi pé àwọn méjèèjì kọjú sí ọ̀nà kan náà dípò kí wọ́n dojú kọ ara wọn. Ní ìpele àtòpọ̀, olóòtú yóò gé àwòrán kan síbi tí òǹwòran ti ń fẹ́ rí òmíràn.

Ohùn nínú fíìmù Yorùbá

Òǹwòran lè fara da àwòrán tó ṣú díẹ̀. Kò lè fara da ọ̀rọ̀ tí kò gbọ́. Nínú fíìmù Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ohùn ni ó ń ya ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sọ́tọ̀. Bí ariwo jẹnẹrétọ̀ bá bo ohùn òṣèré, kì í ṣe ẹwà nìkan ni ó sọnù, ìtumọ̀ ni. Nítorí náà, kí a gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn súnmọ́ ẹnu òṣèré tó bí ó bá ti ṣeé ṣe láìhàn nínú àwòrán, kí a sì gba ìdákẹ́jẹ́ ibi eré sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí olóòtú lè rí ohun fi dí àlàfo ohùn.

Ìṣọ́ra kan tún wà tó jẹ́ tiwa. Ìlù dùndún ń sọ̀rọ̀. Bí a bá fi í sábẹ́ ìjíròrò, ọ̀rọ̀ méjì ni òǹwòran tó gbọ́ Yorùbá ń gbọ́ pọ̀, ìkan yóò sì máa pa èkejì. Ibi tí òṣèré bá dákẹ́ ni ó yẹ kí ìlù ti sọ̀rọ̀.

Ìpamọ́: ẹ̀kọ́ Shaihu Umar

Ní ọdún 1976 kan náà tí Àjàní Ògún jáde, Adamu Halilu darí Shaihu Umar, fíìmù èdè Hausa tí a gbé ka ìwé ìtàn Abubakar Tafawa Balewa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn onímọ̀ rò pé ó ti sọnù. Ní ọdún 2016 ni wọ́n rí i nínú ilé ìpamọ́ ní Jos. Ilé-iṣẹ́ Arsenal ní Berlin bá wọn sọ ọ́ di ti kọ̀ǹpútà, wọ́n sì fi í hàn níbi àjọ̀dún fíìmù Berlin ní ọdún 2018. Lẹ́yìn èyí, Fásitì Jos àti Fásitì Goethe ní Frankfurt pawọ́ pọ̀ lórí ẹ̀kọ́ dígírì kejì nínú ìmọ̀ ìpamọ́ fíìmù.

Ooru àti ọ̀rinrin ni ọ̀tá fíìmù àtijọ́. Ike tí a fi ṣe é a máa jẹrà, yóò máa rùn bí ọtí kíkan, yóò sì súnkì títí tí kò ní lè gba inú ẹ̀rọ kọjá mọ́. Fíìmù òde òní kò bọ́ nínú ewu: fóònù ń bọ́ sómi, háàdì dísìkì ń kú láìsọ tẹ́lẹ̀. Ìlànà tí àwọn olùpamọ́ ń tẹ̀ lé ni pé kí ẹ̀dà mẹ́ta wà, lórí ohun èlò oríṣi méjì, kí ọ̀kan sì wà ní ibòmíràn. Kí a tún kọ orúkọ fíìmù, ọjọ́ tí a yà á àti orúkọ gbogbo ẹni tó kópa mọ́ ọn, nítorí pé àpótí tí kò ní orúkọ kò yàtọ̀ sí àpótí òfìfo lójú ẹni tó ń wá nǹkan.

Ìgúnlẹ̀

Ẹgbẹ́ òṣèré fi han àwọn Yorùbá pé ìwà, ìtàn àti ìfaradà ni a fi ń di òṣèré. Ilé-ẹ̀kọ́ fi ìlànà kún un. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní fóònù àti ọ̀rẹ́ mẹ́ta lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fíìmù ìṣẹ́jú mẹ́ta: kí ọ̀kan kọ ọ́, kí ọ̀kan darí, kí ọ̀kan yà á, kí ọ̀kan gba ohùn, kí wọ́n sì pààrọ̀ ipò nígbà kejì. Bí wọ́n bá parí rẹ̀, kí wọ́n pa á mọ́ dáadáa. Ogójì ọdún ni Shaihu Umar fi dúró kí a tó rí i. Ẹnì kan ni kò jẹ́ kí wọ́n gbé àpótí rẹ̀ dànù.