Oníbodè Kékeré Inú Ara Wa

Àwọn baba wa ní, bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Òwe yìí gan-an ni ó bá ìtàn wa ti òní mu.

Ẹ rántí ìlú wa láyé àtijọ́. Ọba a máa rán ìlàrí níṣẹ́, ṣùgbọ́n oníbodè wà lẹ́nu odi. Ẹni tí ó bá dá dúró kò ní kọjá. Bẹ́ẹ̀ náà ni inú sẹ́ẹ̀lì, àwọn yàrá kéékèèké tí a fi mọ ara wa. Òfin ara wà nínú DNA. RNA sì ni ìránṣẹ́ tí ń gbé òfin náà lọ síbi iṣẹ́.

Ta wá ni oníbodè? Ní Massachusetts ní Amẹ́ríkà, Victor Ambros àti Gary Ruvkun ń wádìí aràn kan tí ń gbé inú ilẹ̀, tí gígùn rẹ̀ kò ju mìlímítà kan lọ. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí kò jẹ́ kí àwọn kan nínú aràn náà dàgbà bí ó ti yẹ. Ní 1993 wọ́n kéde pé RNA kékeré kan, tí kò ju lẹ́tà 22 lọ, a máa so mọ́ ìránṣẹ́ tí ó sì ń pa á lẹ́nu mọ́. Òun ni a wá ń pè ní microRNA.

Ǹjẹ́ ayé pàtẹ́wọ́? Rárá o! Ọ̀pọ̀ ní ọ̀rọ̀ aràn lásán ni. Ṣùgbọ́n ní 2000, Ruvkun rí òmíràn tí ó wà lára ènìyàn pẹ̀lú.

Láti ìgbà náà ni àwọn oníwàádìí ti yíjú sí jẹjẹrẹ, títí kan ti awọ ara. Ìtànṣán oòrùn a máa ba DNA awọ jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nínú jẹjẹrẹ awọ, èyí tí wọ́n ń pè ní miR-21 a máa pọ̀ jù, a sì máa dá ìránṣẹ́ tí ń sọ pé "ó tó" dúró. Sẹ́ẹ̀lì yóò wá máa bí sí i láìdẹ́kun. Ní 2010, wọ́n rí i pé miR-211, tí í máa ká mẹlanómà lọ́wọ́ kò, ti dín kù nínú ọ̀pọ̀ irú jẹjẹrẹ náà. Ní 2024, lẹ́yìn ọdún 31, Ambros àti Ruvkun gba ẹ̀bùn Nobel.

Ẹ má ṣe sọ pé kò kàn wá. Oògùn tí a ti ara microRNA ṣe fún jẹjẹrẹ awọ kò tíì délé ìwòsàn, nítorí náà ìṣọ́ra ni oògùn. Ẹ̀yin tí ẹ bí àfín, ẹ fún ọmọ yín ní fìlà olétí gbòòrò àti aṣọ alápá gígùn, ẹ má sì jẹ́ kí oòrùn ọ̀sán pa á. Àwa aláwọ̀ dúdú náà, àtẹ́lẹsẹ̀ ni mẹlanómà sábà máa ń bá wa jà. Bí ẹ bá rí àmì dúdú tí ń tóbi sí i níbẹ̀, tàbí egbò tí kò jinná, ẹ má fi abẹ gé e; ẹ tètè fi han dókítà. Ohun kékeré kọ́ ni ohun kékeré.

Ó dìgbà kan ná o.