Láti Pápá Tẹ́níìsì dé Yàrá Ìpàdé: Bí Iṣẹ́ Kóòṣì Okòwò Ṣe Tàn Ká Ayé

Akọ́nimọ̀ọ́gbá ni Yorùbá ń pe ẹni tí ó ń tọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù sọ́nà. Orúkọ náà ṣe kedere: ẹni tí ó ń kọ́ni títí a ó fi mọ bọ́ọ̀lù í gbá. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ yìí kúrò lórí pápá tí ó wọ ọ́fíìsì àwọn oníṣòwò, orúkọ náà kò bá a mu mọ́. Kóòṣì okòwò kì í gbá bọ́ọ̀lù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò sì sọ pé àwọn kì í kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun, pé ìbéèrè ni àwọn ń bèèrè. Báwo ni ẹni tí kò fi dandan mọ òwò oníbàárà rẹ̀ ṣe wá di ẹni tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń san owó gọbọi fún?

Ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Kocs, ní ilẹ̀ Hungary, ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ti ṣẹ̀ wá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kan irú ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin kan tí òkìkí rẹ̀ kàn ká Yúróòpù. Ní nǹkan bí 1830, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Oxford bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ọkọ̀ náà ṣàwàdà: olùkọ́ àdáni tí ó bá gbé akẹ́kọ̀ọ́ la ìdánwò já, kóòṣì ni. Kí ọgọ́rùn-ún ọdún náà tó parí, ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sẹ́nu àwọn eléré ìdárayá.

Ní ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà, gbòǹgbò méjì ni a lè rí kí iṣẹ́ náà tó ní orúkọ. Ní 1937, C. B. Gorby kọ àpilẹ̀kọ kan nípa ilé-iṣẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ àgbà ti ń tọ́ àwọn tuntun sọ́nà kí ìfiṣòfò lè dínkù, kí èrè tí gbogbo wọn jọ ń pín sì lè pọ̀ sí i. Èyí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá ti rí ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ télọ̀ tàbí alágbẹ̀dẹ: ẹni tí ó mọṣẹ́ ní ń kọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Gbòǹgbò kejì yàtọ̀ pátápátá. Ní 1936, ilé-iṣẹ́ Western Electric ní Hawthorne, nítòsí Chicago, yan àwọn ènìyàn láti máa rìn láàárín òṣìṣẹ́, kí wọ́n máa fetí sí ohun tí ó ń dun kálukú. A kò rán wọn láti kọ́ ẹnikẹ́ni níṣẹ́. Gbòǹgbò kejì yìí, tí àwọn òǹkọ̀wé kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà, ni ó jọ kóòṣì òde òní jù.

Ọdún 1974 ni Timothy Gallwey, tí ó ti jẹ́ balógun ikọ̀ tẹ́níìsì ní Harvard, tẹ ìwé rẹ̀ The Inner Game of Tennis jáde. Ó ti kíyè sí i pé bí olùkọ́ bá ti ń pàṣẹ púpọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ara akẹ́kọ̀ọ́ ń le tó. Nítorí náà, ó dín àṣẹ kù. Ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kàn máa wo bọ́ọ̀lù, kí ó máa sọ ọ́ síta nígbà tí ó bá balẹ̀ àti nígbà tí ọ̀pá bá kàn án. Ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ á sì tún ara rẹ̀ ṣe. John Whitmore, awakọ̀ eré ìje ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mú ọ̀nà yìí padà wá sí Bìrìtìkó, ó sì ń ròyìn ìṣẹ̀lẹ̀ kan tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ó fẹ́ lóye iṣẹ́ yìí rò dáadáa. Lọ́jọ́ kan, àwọn olùkọ́ tẹ́níìsì kò tó. Wọ́n bá yá méjì nínú àwọn tí ń kọ́ni ní eré yíyọ̀ lórí yìnyín. Wọ́n wọ aṣọ tẹ́níìsì fún wọn, wọ́n fi ọ̀pá há wọn lábíyá, wọ́n sì kìlọ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ gbìyànjú láti lò ó. Iṣẹ́ tí àwọn méjèèjì ṣe kò yàtọ̀ sí ti àwọn onítẹ́níìsì. Nígbà mìíràn ó tilẹ̀ dára jù ú lọ, nítorí pé wọn kò rí àṣìṣe ọwọ́ tí wọn ìbá máa tọ́ka sí, bí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń lo ara rẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Lórí ẹ̀rí kékeré yìí ni ìmúlò ńlá dúró lé. Bí ẹni tí kò mọ tẹ́níìsì bá lè tọ́ onítẹ́níìsì sọ́nà, ẹni tí kò mọ báńkì náà lè tọ́ ọ̀gá báńkì sọ́nà. Ìwé Whitmore, Coaching for Performance, jáde ní 1992, ó sì tan ìlànà GROW kálẹ̀: àfojúsùn, bí nǹkan ṣe rí lọ́wọ́, àwọn ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀, àti ohun tí oníbàárà pinnu láti ṣe. Òtítọ́ ni pé ẹ̀rí náà kò sọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ nígbà tí àìmọ̀ oníbàárà gan-an bá jẹ́ ìṣòro. Ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń ṣírò èrè kò ní rí i nínú ìbéèrè.

Lọ́dún 1992 kan náà, Thomas Leonard, tí ń gbani nímọ̀ràn lórí owó ní Amẹ́ríkà, dá Coach University sílẹ̀. Ní 1995, ó dá International Coach Federation. Orí tẹlifóònù ni wọ́n ti ń ṣe ọ̀pọ̀ kíláàsì, nítorí náà kò pẹ́ tí iṣẹ́ náà fi ré ààlà kọjá. Ilẹ̀ tí ó bá dé ló sì ń fún un ní àwọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn kóòṣì ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ ní 1996. Ibẹ̀ ni àdéhùn ẹlẹ́ni-mẹ́ta ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, láàárín ilé-iṣẹ́ tí ń sanwó, òṣìṣẹ́ tí a ń tọ́ sọ́nà àti kóòṣì, kí ọ̀gá má baà sọ kóòṣì di amí. Ọsirélíà gbé e wọ yunifásítì: Anthony Grant dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní Sydney ní 2000. Ní Gúúsù Áfíríkà, ẹgbẹ́ COMENSA bẹ̀rẹ̀ ní 2006.

Brazil ni ọ̀rọ̀ ti le jù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018, eré orí tẹlifíṣàn Globo kan, O Outro Lado do Paraíso, fi kóòṣì hàn tí ó ń tọ́jú ọ̀dọ́bìnrin tí a ti bá lò pọ̀ ní tipátipá nígbà èwe rẹ̀. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ìrònú-ẹ̀dá fárígá: irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń gbé fún kóòṣì. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, àwọn ará ìlú tí ó lé ní 20,000 fọwọ́ sí àbá kan lórí ojúlé ilé aṣòfin àgbà pé kí a sọ iṣẹ́ náà di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Kò di òfin. Síbẹ̀, láti ìgbà náà ni orúkọ kóòṣì ti di ohun yẹ̀yẹ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn níbẹ̀, àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ náà dáadáa sì wà lára àwọn tí ó jìyà rẹ̀.

Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń dáhùn ni kíka wákàtí. Ẹgbẹ́ tí Leonard dá sílẹ̀, tí ó yí orúkọ padà sí International Coaching Federation ní 2020, ní ipele mẹ́ta: wákàtí 100 pẹ̀lú oníbàárà fún èkíní, 500 fún èkejì, 2,500 fún èkẹta. Ó jọ ètò ọmọ iṣẹ́ tí ń retí ọjọ́ fìrídọ̀ọ̀mù. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé lọ́dọ̀ télọ̀, àwọn òbí àti aládùúgbò ń rí aṣọ tí ọmọ náà rán. Yàrá ìkọ̀kọ̀ ni kóòṣì ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọ̀pọ̀ jùlọ orílẹ̀-èdè, òfin kò sì dí ẹni tí kò ní wákàtí kan ṣoṣo lọ́wọ́ láti kọ kóòṣì sára pátákó rẹ̀.