Láti ọṣán ìlù dé inú kọ̀ǹpútà: ìró ìsàlẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹnu

Àwọn kan nínú yín, ẹ̀yin tí mo kọ́ nígbà kan, ń bi mí pé kí ló kan onímọ̀ ẹ̀dá-èdè nínú ọ̀rọ̀ subwoofer. Ó kàn mí o. Igba, igbá, ìgbà: gíga àti rírẹlẹ̀ ohùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ ọkùnrin lè lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí 80 Hz, ìyẹn ìgbọ̀nrìrì 80 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ibẹ̀ gan-an ni sípíkà iwájú sábà máa ń gbé iṣẹ́ lé subwoofer lọ́wọ́.

Ní Ẹdẹ níbí, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ ju iná mànàmáná lọ. Tímì Ọba John Adétóyèṣe Láoyè, tó jọba láti 1946 títí di 1975, máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu ìlù, ó sì kọ̀wé nípa ìlù Yorùbá. Nínú ọ̀wọ́ dùndún, ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, àwọn yòókù ń gbè é. Bí kẹ̀rìkẹ̀rì, tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, bá ń pariwo ju ìyáàlù lọ, tàbí tó bá ń wọ́ lẹ́yìn, ẹ ò ní mọ ẹni tí wọ́n ń kì mọ́. Etí onílù ló ń ṣe ìwọ̀n yẹn. Á fún ọṣán, á dẹ ọwọ́, á sún kúrò níbi tó dúró sí.

Nígbà tí ẹ̀rọ dé, ìwọ̀n yí padà. Christopher Waterman, tó kọ ìtàn orin jùjú, ṣàlàyé pé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, máìkì àti sípíkà gbé ohùn akọrin àti gìtá sókè débi pé àyè gba ìlù púpọ̀ sí i, títí kan ìlù tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ yẹn bá ọ̀rọ̀ ṣe nígbà náà.

Ìró ìsàlẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ sínú àpótí tirẹ̀ ní ìtàn mìíràn. Ní 1974, fíìmù Earthquake mú Sensurround wá, tó ń mi ìjókòó àwọn òǹwòran. Ní 1976, Siegfried Linkwitz kọ̀wé lórí ọ̀nà tí òun àti Russ Riley fi pín ìró sọ́nà méjì, tí yóò sì tún pàdé láìyọ gọngọ, láìjìn sínú. Èyí ni mo kà sí iṣẹ́ ńlá jù nínú gbogbo rẹ̀.

Àmọ́ pálọ̀ wa ò mọ ìwé kíkà. Pálọ̀ tó gùn ní mítà 5 máa ń ṣe wúù ní nǹkan bí 34 Hz, yóò gbé e ga ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, yóò sì gbé e mì ní àárín. Fún ìdí yìí ni ètò kọ̀ǹpútà ṣe wọlé: Dirac láti Uppsala ní Sweden, Audyssey láti inú ìwádìí Yunifásítì Southern California, àti REW tí John Mulcahy ṣe, tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ ó gbé máìkì sí ibi mélòó kan, sípíkà á súfèé, kọ̀ǹpútà á sì ṣírò ìgbà tí ìró kọ̀ọ̀kan dé. Mítà kan dín díẹ̀ sí ìdá 3 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá ni. Ẹ má ṣe yà lẹ́nu bó bá ní subwoofer jìnnà ju ohun tí téèpù wọ̀n lọ. Iná inú rẹ̀ ló ń dá ìró dúró, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí ìgbì méjì ti pa ara wọn, kọ̀ǹpútà ò lè jí i. Ńṣe ni kẹ́ ẹ gbé àpótí tàbí àga kúrò.

Fóònù ilé àtijọ́ kì í gbé ohun tó wà nísàlẹ̀ 300 Hz, síbẹ̀ a ń gbọ́ igbá yàtọ̀ sí ìgbà lórí rẹ̀, torí etí ń ti inú ìró òkè ṣírò ìsàlẹ̀. Nítorí náà, àìsí bass kọ́ ló ń pa ọ̀rọ̀. Bass tó pọ̀ jù, tó ń pẹ́ dé, ló ń pa á, torí ìró ìsàlẹ̀ tó lágbára máa ń bo ti òkè mọ́lẹ̀ ju bí òkè ṣe ń bo ti ìsàlẹ̀ lọ. Ẹ lọ sí òde àríyá kẹ́ ẹ rí i: àyà yín á máa mì, ẹ ò sì ní gbọ́ oríkì ẹni tí wọ́n ń kì.

Ẹ gbé orin onílù kan tí ẹ mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ pa subwoofer, kẹ́ ẹ tún tàn án. Bí ọ̀rọ̀ tí ẹ gbọ́ lẹ́ẹ̀kíní bá sọnù lẹ́ẹ̀kejì, ẹ dín in kù kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà.